Omi Kò Lọ́tàá, Ṣùgbọ́n Níbo Ni Obìnrin Ọjà Yóò Ti Tọ̀?

Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti kógbá sílé títí di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá balẹ̀, ooru Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin a máa mú èèyàn. Kì í ṣe pé oòrùn tiwa le tó ti Kándì tàbí Malanville lókè lọ́hùn-ún. Ọ̀sà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọ̀rinrin kì í kúrò nínú afẹ́fẹ́, òógùn kì í sì í gbẹ lára bọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹta, ẹni tó bá jókòó sábẹ́ páànù ní ọjà Ouando láti àárọ̀, aṣọ rẹ̀ yóò ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn kí agogo mọ́kànlá tó lù. Àkókò yìí gan-an ni àìsàn kan máa ń jí lára ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo mọ̀, títí kan èmi tí mò ń kọ̀wé yìí. Ìtọ̀ á máa gbọ̀n wá lójijì. A ó sáré dé ilé ìtọ̀, ẹ̀kán díẹ̀ ni yóò já bọ́, yóò sì máa ta wá bó ti ń jáde. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò tún ti máa gbọ̀n wá. Abẹ́ ìdodo á wúwo, ìtọ̀ á pọ́n, á máa rùn, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á hàn nínú rẹ̀. A ó lo oògùn, yóò lọ. Bí oṣù kan tàbí méjì bá kọjá, yóò tún dé.

Àkóràn àpò ìtọ̀ ni. Bó bá ṣe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, àwọn dókítà kà á sí èyí tó ń padà wá léraléra, wọ́n sì ní kò yẹ kí a kàn máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sàn láìbéèrè ohun tó ń pè é padà. Kòkòrò tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Inú ìfun wa ló ń gbé, kì í sì í pa wá lára níbẹ̀. Theodor Escherich, dókítà àwọn ọmọdé tó jẹ́ ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1885, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́: Escherichia coli. Láti ihò ìdí, kòkòrò yìí lè rá dé ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, kí ó sì gba ibẹ̀ gòkè. Lára ọkùnrin, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Lára obìnrin, nǹkan bíi 4 péré ni. Bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe àmì pé obìnrin náà dọ̀tí. Ní ọdún 2019 nìkan, àwọn tó ń ṣírò àrùn lágbàáyé fojú bù ú pé àkóràn ojú ìtọ̀ lé ní mílíọ̀nù 400.

Kí wá ni ti ooru níbẹ̀? Ooru kì í bí kòkòrò sínú ẹni. Omi ara ló ń fà jáde. Bí a ṣe ń làágùn ni kíndìnrín ń ṣọ́ ìwọ̀nba omi tó kù lò, ìtọ̀ á wá dín kù, á pọ́n, á sì pẹ́ nínú àpò rẹ̀ kí ó tó kún dé ibi tí yóò gbọ̀nni. Bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ tó ń jáde déédéé ló ń fọ kòkòrò dànù kí wọ́n tó rí ibi dì mú. Bó bá dúró fún wákàtí márùn-ún, mẹ́fà, àyè ti gba kòkòrò nìyẹn: níbi tó bá ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọ̀kan nínú wọn lè di méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ní Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn fi hàn pé ìgbà ooru wọn ni àwọn obìnrin ń gbé àrùn yìí wá jù. Oṣù mélòó ni ìgbà ooru tiwọn? Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ má lópin.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún èèyàn. Ní Bulgaria ni wọ́n ti ṣe é, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2018. Obìnrin 140 ni wọ́n kó jọ. Àrùn yìí ti ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán ní ọdún tó ṣáájú, wọn kì í sì í mu omi tó lítà kan àbọ̀ lóòjọ́. Wọ́n ní kí ìdajì nínú wọn máa fi lítà kan àbọ̀ omi lásán kún èyí tí wọ́n ń mu tẹ́lẹ̀, kí ìdajì yòókù máa bá ìṣe wọn lọ. Nígbà tí ọdún yípo, ìpíndọ́gba iye ìgbà tí àrùn náà ṣe àwọn tó ń mu omi sí i jẹ́ 1.7. Ti àwọn yòókù jẹ́ 3.2. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ní láti lò náà dín kù fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdajì. Wọn kò fún wọn ní nǹkan mìíràn ju omi lọ.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, omi inú ọ̀rá mẹ́ta ni lítà kan àbọ̀. Ìgò ńlá omi Possotomè kan náà ni, ẹni tí kò bá sì lówó Possotomè lè tọ́jú òfìfo ìgò náà kí ó máa fi wọn omi ilé. Obìnrin tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ń mu omi tó, kí ó wo ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá mọ́ tàbí tó pọ́n ráńpẹ́, ara rẹ̀ ti rí omi. Bó bá pọ́n kankan, tó sì ń rùn, omi ti jìnnà sí i. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá ni kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè iye tó yẹ kí òun mu.

Mo gbé ìṣírò yìí lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n ń ta aṣọ ní ọ̀kan nínú àwọn ọjà ìlú wa, ó ti lé ní ogún ọdún, àrùn yìí kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi parí. Wọ́n ká àǹkárá tó wà lọ́wọ́ wọn ní ìṣẹ́po mẹ́rin, wọ́n gbé e lé orí ìyókù.

"Àbúrò mi, o ṣeun," ni wọ́n wí. "Bí mo bá wá mu omi ọ̀rá mẹ́ta, níbo ni kí n tọ̀ ọ́ sí?"

Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì rí i. Ilé ìtọ̀ tí wọ́n ń sanwó wọ̀ wà ní ìkángun ọjà. Kí ìyálọ́jà tó dé ibẹ̀, yóò gba àárín àwọn aláta kọjá, yóò yà fún ọmọlanke, yóò yà fún alùpùpù zémíjàn tó já wọ àárín èrò. Ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò bá a wo ọjà. Ẹni tó o bá bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò ṣe é tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọjọ́ kan, ìwọ fúnra rẹ ni ojú yóò máa tì. Oníbàárà tó bá dé tí kò bá ọ lórí ìjókòó kì í dúró. Bó o bá wá dé ilé ìtọ̀ náà, wàá tò, wàá san owó, wàá bá ilẹ̀ tó ń yọ̀ àti ilẹ̀kùn tí kò ní ìdè, omi inú garawa sì ti tán. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀? Obìnrin tó lóyún ńkọ́, tí ọmọ ti jókòó lé àpò ìtọ̀ rẹ̀?

Nítorí náà, àwọn ìyálọ́jà ti dá ọgbọ́n tiwọn. Wọn kì í mu omi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ife kan tó ní ìdérí, abẹ́ tábìlì ni wọ́n máa ń gbé e sí. Nígbà tí oòrùn mú gan-an, mo rí wọn tí wọ́n gbé e sẹ́nu. Wọ́n fi omi náà yọ ẹnu, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n tu ú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì dé ife náà padà. Wọn kò gbé ẹ̀kán kan mì. Mo wo àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bákan náà ni àwọn náà ń ṣe. Wọ́n ní àwọn àgbà ọjà ló kọ́ àwọn nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn náà sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ tí àwọn tọ́. Àwa tí à ń sọ pé omi kò lọ́tàá! Ọjà ti sọ ọ́ di ọ̀tá fún wọn.

Kì í ṣe ọjà nìkan. Láti ibí dé ọjà Dantokpa ní Cotonou, nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà ni, àmọ́ bí ọkọ̀ bá há sójú ọ̀nà Sèmè, ó lè di wákàtí méjì. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọkùnrin, yóò ní kí awakọ̀ dúró, yóò sì kọjú sí igbó. Obìnrin tó di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ yóò pa itan pọ̀ ni. Mo jẹ́ olùkọ́, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọbìnrin kì í mu omi ní àkókò ìsinmi, nítorí wọ́n mọ bí ilé ìtọ̀ ilé-ìwé ṣe máa ń rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń kọ́ bí a ṣe ń mú ìtọ̀ mọ́ra láti agogo méje sí agogo kan ọ̀sán, ìyálọ́jà ọ̀la ni wọ́n ń fi ìyà kọ́ yẹn.

Wọ́n ti tọ́ wa bẹ́ẹ̀ láti ilé wá. Lára ògiri káàkiri ìgboro Àjàṣẹ́, ẹ ó rí i tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ pé Défense d'uriner (èèwọ̀ ni títọ̀ síbí), ọkùnrin yóò sì dúró níwájú rẹ̀ gan-an tọ̀. Àwọn ìyá wa kọ́ wa pé ọmọlúàbí obìnrin kì í wá ibi tí yóò tọ̀ sí káàkiri. Ìtìjú dára, mi ò ní kí a sọ ọ́ nù. Àmọ́ àpò ìtọ̀ kò mọ ìtìjú. Ìtọ̀ tí a mú mọ́ra láti àárọ̀ dà bí omi tó dúró sójú kan nínú kòtò, ohun abẹ̀mí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìtìjú mìíràn tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Bí obìnrin bá ní ìtọ̀ ń ta òun, àtọ̀sí ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ́kọ́ rò. Ọkọ á máa fura, ìyàwó náà á máa fura sí ọkọ, ìyá ọkọ á gbọ́. Mo mọ ilé tí wọn kò ti jẹun pọ̀ mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé ìbálòpọ̀ lè ti kòkòrò ìdí gòkè sínú ọ̀nà ìtọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn agbẹ̀bí fi ń gba àwọn ìyàwó níyànjú pé kí wọ́n dìde lọ tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n má sùn lọ. Àmọ́ kòkòrò ara obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni, ó sì lè ṣe ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò mọ ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ pé nǹkan ń dà lójú ara, tàbí egbò wà níbẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀, tọkọtìyàwó ni kí wọ́n jọ lọ ṣàyẹ̀wò. Àwọn tó bá ń lo oògùn apa-àtọ̀ tí wọ́n ń fi sójú ara láti fètò sọ́mọ bíbí, kí wọ́n bi agbẹ̀bí wọn bóyá ọ̀nà mìíràn wà, nítorí ó ti hàn pé ó ń jẹ́ kí àrùn yìí rọrùn láti mú ni.

Ní ti ìmọ́tótó, àṣejù ló ń ṣe wá. Ọṣẹ olóòórùn, álọ́ọ̀mù, omi gbígbóná tí wọ́n fi ewé sí, àwọn kan ń fi fọ inú ojú ara lọ́hùn-ún nítorí wọ́n rò pé ìdọ̀tí ló ń fa àrùn náà. Wọ́n ń lé àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ ni. Omi lásán láti ìta ti tó. Bí a bá ń fi búútà ṣan ìdí, kí ọwọ́ máa lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn, kí ó má ti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ìwádìí kò fi bẹ́ẹ̀ fi hàn pé èyí nìkan ń dá àrùn náà dúró, àmọ́ kò gbówó lọ́wọ́ ẹni, ó sì bá ọgbọ́n mu. Bákan náà ni pátá òwú tí kò fún mọ́ni ní àkókò ooru.

Oṣù Ràmàdáánì ni mo fẹ́ kí àwọn ìyá àti àbúrò mi mùsùlùmí ṣọ́ra sí jù. Ní ọdún 2024 àti ọdún 2025, oṣù kẹta ni apá tó pọ̀ jù nínú ààwẹ̀ bọ́ sí, ní àárín gbùngbùn ooru wa. Látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìfi omi kan ẹnu, pẹ̀lú ìjókòó ọjà, iṣẹ́ ńlá ni fún kíndìnrín. Ẹni tí àrùn yìí ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ó má fi gbogbo omi rẹ̀ sí ìgbà ìṣínu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti ìṣínu títí di sààrì, kí ó sì tọ̀ kí ó tó sùn. Ẹni tí àrùn náà bá mú nínú ààwẹ̀, tí ibà ti wọ̀ ọ́, ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kí ó ṣínu, kí ó sì san án padà nígbà tí ara bá yá. Ó yẹ kí àwọn ààfáà wa máa rántí ọ̀rọ̀ yìí nínú wáàsí ìgbà ooru, kí wọ́n sì dárúkọ ìtọ̀ láìtijú.

Bí ìrora bá wá dé, orí àtẹ olóògùn ọ̀nà ni ẹsẹ̀ ń gbé wa lọ. Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò méjì, mẹ́rin, ó ti tán. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Cotonou ni Jacques Chirac, ààrẹ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀, ti ké sí gbogbo ayé lórí ọ̀rọ̀ ayédèrú oògùn. Ní ọdún 2017, àwọn agbófinró ya wọ Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní ọjà Dantokpa, wọ́n kó oògùn tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, a ṣì ń rí wọn rà lábẹ́ aṣọ. Oògùn tí kò pé ìwọ̀n, tí a lò ní ààbọ̀, kì í pa kòkòrò tán. Àwọn tó le jù nínú wọn ló máa ń kù, àwọn ló sì ń bímọ. Ìdí nìyí tí amoxicilline àti cotrimoxazole kò fi ran ọ̀pọ̀ kòkòrò ojú ìtọ̀ mọ́ ní àgbègbè wa. Ẹni tí àrùn náà bá ń padà sí lára, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n ń pè ní ECBU kí ó tó gbé oògùn mì. Kí ó fọ ojú ara, kí ó jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, kí ó gba ti àárín sínú ìgò mímọ́ tí lábò fún un, kí ó sì gbé e lọ kíá. Lábò yóò sọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ àti oògùn tí yóò ràn án.

Nípa ìsápá tútù àti èso cranberry tí àwọn ará òkè òkun ń kó wá, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìwádìí ti cranberry lẹ́yìn díẹ̀ fún àwọn obìnrin tí àrùn náà ń padà sí lára, àmọ́ ó wọ́n. Ìsápá dùn, omi sì ni, bí ṣúgà rẹ̀ kò bá ti pọ̀. Kò sí ẹni tó tíì fi hàn dájúdájú pé ó ń lé kòkòrò yìí lọ. Àwọn ìyá wa tí nǹkan oṣù ti dá dúró lára wọn ní oògùn tiwọn: ìpara kan wà tí dókítà lè kọ fún wọn láti máa fi sójú ara, ó sì ń dín àpadàbọ̀ rẹ̀ kù dáadáa. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣeré rárá. Ibà, òtútù, èébì àti ìrora ẹ̀gbẹ́ ìhà lẹ́yìn ń sọ pé kòkòrò ti gun kíndìnrín, ilé ìwòsàn ní wàràwàrà ni. Bó bá sì jẹ́ ọmọdé létí omi, ní Aguégués tàbí Sô-Ava, ló ń tọ ẹ̀jẹ̀, àtọ̀sí ajá (bilharzia) ló ṣeé ṣe kó jẹ́, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn obìnrin ìlà wọn ti rí nǹkan ṣe. Wọ́n ń dá owó jọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ìdílé kan lẹ́yìn ọjà, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ wọn. Ọṣẹ wà níbẹ̀, garawa omi méjì wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì. Méjì-méjì ni wọ́n pín ara wọn, ọ̀kan ń wo ọjà, ọ̀kan ń lọ, kò sí ẹni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, ọ̀rá omi kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níwájú wọn ní agogo mẹ́wàá àárọ̀.

Ìlà kan ṣoṣo nìyẹn nínú ọjà ńlá. Ìjọba ti ń kọ́ ọjà ìgbàlódé sí àwọn ìlú wa, inú mi sì dùn sí i. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ìlú, àwọn ìyálọ́jà yòókù sì ti buwọ́ lù ú. A kò béèrè ju èyí lọ: kí ilé ìtọ̀ obìnrin pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, nítorí obìnrin ló pọ̀ jù nínú ọjà, kí ó wà láàárín àwọn ìlà, kó má jẹ́ ìkángun, kí omi wà níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn ní ìdè, kí iná wà níbẹ̀ bílẹ̀ bá ṣú, kí aboyún àti arúgbó má sanwó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi kún un pé bí wọ́n bá ti kọ́ ọ, àwọn yóò máa fọ̀ ọ́ fúnra àwọn.